Bí ẹ ṣe máa béèrè àyẹ̀wò odindi jínómù fún aláìsàn jẹjẹrẹ, tí ẹran kò fi ní bàjẹ́ kó tó kúrò ní Ìlọrin

Owó àyẹ̀wò yìí wọ́n, gbogbo wa la mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ju owó lọ ni ti ẹbí tó ti ta ilẹ̀, tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ti dá tiwọn sí i, tí wọ́n san owó pé, tí láàbù òkèèrè wá kọ̀wé padà pé ẹran tí a gé lára kókó aláìsàn, tí a fi ránṣẹ́, kò ṣeé kà. Nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ tí èmi ti tọpa rẹ̀, ẹ̀rọ wọn kọ́ ló kùnà. Ọwọ́ wa níbí ni ẹran ti bàjẹ́, nígbà mìíràn kí aláìsàn tó jí lórí bẹ́ẹ̀dì tíátà.

Lọ́dún kan, wọ́n gbé kókó ọmú kan wá bá mi ní láàbù láti ìlú kan lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo. Ìgò máyónéèsì ni wọ́n fi gbé e, omi dúrípù ni wọ́n bù lé e lórí. Dírẹ́bà fi sábẹ́ ìjókòó, ó dé Gárèjì Ọ̀fà, ó sùn síbẹ̀, ọjọ́ kẹta ló tó dọ́wọ́ mi. Mo ṣí ìdérí, mo fi ẹ̀mú kékeré mú un, ó já sọ́wọ́ mi bí ẹ̀kọ tó ti domi. Ọmọbìnrin ìyá tó ni kókó náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọjọ́ wo ni kí n padà wá gba èsì?" Mi ò tíì gbàgbé ojú ọmọ yẹn.

Ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì tíátà àti òṣìṣẹ́ láàbù ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti agbègbè wọn ni mo kọ èyí fún. Ẹbí aláìsàn náà lè kà á, kí wọ́n mọ ohun tó yẹ kí wọ́n bi dókítà. Ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá kí ọ̀bẹ tó kan ara. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń wá ló máa mọ ike tó yẹ kí ẹran bọ́ sí.

Ohun tí ẹ máa ní lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Kí á kọ́kọ́ fẹnu kò lórí orúkọ. DNA ni ìwé ìlànà tó ń darí ara, jíìnì sì dà bí orí kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà. Jínómù ni gbogbo lẹ́tà DNA tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, bíi bílíọ̀nù 3. Àyẹ̀wò odindi jínómù ń ka gbogbo rẹ̀. Àyẹ̀wò páńẹ́lì ń ka ìwọ̀nba jíìnì tí wọ́n ti ṣà sọ́tọ̀. FoundationOne CDx, fún àpẹẹrẹ, ń ka jíìnì 324. Àyẹ̀wò jíìnì ẹyọ kan tún wà, èyí tó ń wá ohun kan ṣoṣo.

Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ:

- Ìlànà láàbù tó máa ka jínómù náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tíátà.
- Dókítà pátọ́lọ́jì (ẹni tó ń fi awò yẹ ẹran ara wò) tó ti gbọ́ sí i ṣáájú, tó sì máa wà nítòsí lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ.
- Fọ́málìn 10% oníyọ̀, tí wọ́n ti fi iyọ̀ phosphate ṣe kó má baà kan.
- Ike kékeré gbígbẹ tí kò ní kòkòrò, tó lè wọ fírísà, bíi mẹ́ta.
- Ìgò ẹ̀jẹ̀ EDTA (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) onídèérí elésè-àlùkò, méjì.
- Kúlà àti yìnyín. Bí láàbù bá fẹ́ ẹran dídì, ẹ nílò fírísà -80°C tàbí liquid nitrogen, omi tó tutù gan-an tó ń mú nǹkan dì kíákíá.
- Fọ́ọ̀mù ìbéèrè, fọ́ọ̀mù ìgbàṣẹ, kálámù tí omi kò lè pa rẹ́.
- Ẹni tó máa bá yín ka èsì. Ẹ wá a sílẹ̀ báyìí, ẹ má dúró dìgbà tí ìwé ojú-ewé 20 bá dé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ ní gbólóhùn kan

Gbólóhùn náà máa ń lọ báyìí: "Bí mo bá rí nǹkan báyìí, n ó ṣe báyìí, bí mi ò bá rí i, n ó ṣe tọ̀hún." Bí ẹ ò bá lè parí gbólóhùn yẹn, àyẹ̀wò náà kò tíì yá.

Ọ̀pọ̀ aláìsàn tí wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n bá wọn béèrè odindi jínómù, àyẹ̀wò kékeré ni wọ́n nílò. Obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú, tí kò tíì ṣe àyẹ̀wò ER, PR àti HER2 (àmì mẹ́ta tí wọ́n ń wá lára kókó ọmú), kò ní ohun tó ń wá lọ sí odindi jínómù. Àwọn mẹ́ta yẹn ló máa sọ bóyá oògùn tamoxifen tàbí trastuzumab lè ṣiṣẹ́ fún un, ara búlọ́ọ̀kù (ẹran tí wọ́n ti fi fọ́málìn àti ìda tọ́jú) tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CML, àyípadà jíìnì kan, BCR-ABL1, nìkan lẹ ń wá níbẹ̀. Ẹ̀rọ GeneXpert tí a fi ń yẹ ikọ́ ife wò ní káátíríìjì tirẹ̀ fún un, ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn CML ní oògùn imatinib lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2003. Ìbéèrè wà, ìdáhùn wà, oògùn wà. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró náà, ẹ kọ́kọ́ wá àyípadà nínú jíìnì EGFR.

Ibo ni odindi jínómù ti wúlò nígbà náà? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìjọba ti ń san owó rẹ̀, NHS, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba wọn, ní ìwé kan tó to àyẹ̀wò jíìnì lẹ́sẹẹsẹ, wọn kì í sì í ṣe é fún gbogbo jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ ọmọdé, sarcoma (jẹjẹrẹ egungun àti iṣan) àti acute leukaemia (jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń yára) wà lára èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ kíyè sí ohun tó so wọ́n pọ̀: jẹjẹrẹ tí irú rẹ̀ ṣòroó mọ̀ lójú awò lásán, tàbí tí jíìnì oríṣiríṣi lè wà nídìí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí a bá ń wá a lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹran á tán kí á tó rí i. Bí aláìsàn yín bá jọ ìyẹn, tàbí tí ẹ ti wá ibi tí jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ títí tí ẹ ò rí i, ìdí wà.

Ibi tí a ti ń ṣìṣe: àbúrò aláìsàn pe láti Houston, ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún nìyẹn, dókítà sì kọ ọ́ torí kí ẹbí má bàa sọ pé kò mọṣẹ́. Ẹ̀yin ẹ jókòó ti àbúrò yẹn lórí fóònù, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá oògùn tí èsì bá dárúkọ máa ṣeé rà, fún oṣù mélòó. Ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka gbólóhùn yín fún dókítà mìíràn tí kò mọ aláìsàn náà. Bó bá lè sọ ohun tí ẹ máa ṣe bí èsì bá dé, ẹ tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kí ẹ jókòó sọ ọ́

Ẹ má ṣe sáré lórí èyí. Òfin Ìlera ti 2014 ní kí a gba àṣẹ ẹni tí ọ̀rọ̀ yé kí á tó mú ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹran lára rẹ̀, òfin ààbò dátà ti 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera àti ti jíìnì sí àṣírí tó lágbára. Ṣùgbọ́n bí òfin ò tiẹ̀ sí, jínómù ẹnì kan kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ti ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ti àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo jókòó ti dókítà ọ̀dọ́ kan nígbà tó ń ṣàlàyé fún Ìyá Alhaja kan ní Ìlọrin. Ó ti ń sọ̀rọ̀ DNA lọ ràì, ìyá ń mi orí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n gbìyànjú.

Mo ní, "Ìyá, ẹ rántí bí àwọn ọmọ ṣe ń kọ wàláà nílé kéwú. Alfa kọ tirẹ̀, ọmọ dà á kọ. Bí ọmọ bá ṣì í kọ, Alfa á gbé wàláà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ á sì hàn. Kókó tó wà lọ́yàn yín, bí àṣìkọ ló rí. A máa mú díẹ̀ lára kókó, a ó sì gba ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni wàláà Alfa."

Ìyá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n tún gèlè wọn ṣe. Wọ́n ní, "Dókítà, bí Alfa fúnra rẹ̀ bá ti ṣì í kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

Ohun tí dókítà ọ̀dọ́ yẹn kò tíì dé ni ìyá fọwọ́ kàn yẹn. Àṣìkọ tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti inú oyún, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì lè jogún rẹ̀ bí ẹni ju owó sókè, ọkùnrin àti obìnrin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó jìnnà sí wa. Nínú ìwádìí kan lórí obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Ìbàdàn, tó jáde ní 2018, 7% ló ní àṣìkọ àjogúnbá nínú jíìnì BRCA1, 4.1% ní ti BRCA2.

Nítorí náà, kí aláìsàn tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ rí i pé ẹ ti sọ èyí fún un: pé èsì lè dé kó má ní ohunkóhun tó ṣeé lò, pé ó lè fi ohun tí ẹbí ń jogún hàn, kó sì yan bóyá òun fẹ́ gbọ́, pé dátà rẹ̀ máa wà nínú kọ̀ǹpútà láàbù, bóyá ní ilẹ̀ mìíràn, pé ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó bí ẹran bá bàjẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni gbogbo wa ń fò.

Ìkìlọ̀ méjì. Bí ìyá bá ní làákàyè, tó lè sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fọwọ́ sí i fún un. Ó lè fẹ́ kí ọmọ náà wà níbẹ̀, ó lè fẹ́ kí á bi bàbá ilé. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹ fún un láyè ọjọ́ kan tàbí méjì kó lọ bá wọn sọ ọ́. Èkejì: ẹ má sọ̀rọ̀ àjogúnbá ní kọ́rídọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá jáde pé "ìdílé wọn ní jẹjẹrẹ" lè dé etí àna kí aláìsàn tó délé. Mo mọ ọmọbìnrin tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dá a dúró.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ní kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe àti ìdí rẹ̀. Bó bá ní "ẹ fẹ́ wo ẹ̀jẹ̀ mi," ọ̀rọ̀ kò tíì yé e. Ẹ tún un sọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ irú ẹran tí láàbù fẹ́

Ẹran dídì ni NHS ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ fún odindi jínómù, ẹran tí fọ́málìn kò fọwọ́ kàn. Ìdí rẹ̀ ni pé fọ́málìn ń so DNA mọ́ ara wọn, ó ń gé e sí wẹ́wẹ́, ó sì ń sọ lẹ́tà C di èyí tí ẹ̀rọ máa kà sí T. Àṣìkọ tí kò sí lára aláìsàn á wá hàn nínú èsì. Páńẹ́lì púpọ̀ ni tiwọn ń gba búlọ́ọ̀kù fọ́málìn oníìda tí gbogbo láàbù pátọ́lọ́jì ń ṣe, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún ìbàjẹ́ yẹn.

Bí ẹ ò bá ní fírísà -80°C tó ń gba iná láìdáwọ́ dúró, mo rọ̀ yín pé kí ẹ béèrè páńẹ́lì lára búlọ́ọ̀kù tó dára. Èsì jíìnì 300 tó ṣeé gbọ́kàn lé sàn fún aláìsàn yín ju odindi jínómù tí wọ́n kọ̀ lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí láàbù, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ irú ẹran, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọ̀nà ìfiránṣẹ́ padà fún yín. Ẹ tọ́jú ìwé yẹn.

Ìgbésẹ̀ 4: Gígé ẹran àti ìtọ́jú rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà.

Láti ìgbà tí ẹ bá ti gé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ kókó, ẹran ti ń kú. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ aago sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láàárín wákàtí 1 ni kó ti bọ́ sínú fọ́málìn tàbí kó ti dì. Bí láàbù bá jìnnà sí tíátà, ẹ fi ike sínú àpò ọ̀rá, kí ẹ gbé àpò lé yìnyín nínú kúlà. Ẹ má gbé ẹran lé yìnyín ní tààrà.

Ẹ má dá a pín. Dókítà pátọ́lọ́jì ni kó pín in, torí àyẹ̀wò tó máa sọ irú jẹjẹrẹ àti bó ṣe gbilẹ̀ tó ló ṣáájú. Jínómù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àyẹ̀wò yẹn sọnù. Ibi tó yẹ kó ti mú ni etí kókó, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti wà láàyè. Àárín kókó ńlá máa ń ti kú, ó máa ń funfun bí wàràǹkàṣì tó ti bàjẹ́. Kò sí DNA gidi níbẹ̀.

Èyí tó ń lọ sí fírísà: ẹ gé e pẹlẹbẹ, kó má nípọn ju mílímítà 5 lọ, ẹ fi sínú ike gbígbẹ, ẹ má bu omi kankan lé e, kó dì kíákíá. Bí kò bá sí ohun tó lè mú un dì kíákíá, ẹ béèrè bóyá láàbù ń gba RNAlater. Omi yìí lè tọ́jú ẹran kékeré fún ọjọ́ 1 nínú ooru 37°C, ọ̀sẹ̀ 1 ní 25°C, oṣù 1 ní fíríìjì 4°C. Fún ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, èyí gba ọ̀pọ̀ ẹran là. Ẹ má lo fírísà ilé tí NEPA ń mú lọ, tó ń yọ́ tó tún ń dì. Ẹran tó ti yọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kà á sí èyí tó ti lọ.

Èyí tó ń lọ sí fọ́málìn: omi rẹ̀ kó tó ìlọ́po 10 ẹran. Bí kókó bá tóbi, ẹ là á bí ẹni la búrẹ́dì kí omi lè wọ inú. Kó má dín ní wákàtí 6, kó má ju 72 lọ. Wákàtí 72 yẹn ló ń mú wa nígbà ìsinmi. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú Iléyá, láàbù ti tì pa fún ọjọ́ márùn-ún, ẹran wà nínú fọ́málìn tó ń gbóná lórí tábìlì. Nígbà tí a bá padà dé, ojú rẹ̀ dára, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ dára, DNA rẹ̀ ti já wẹ́wẹ́. Bí kò bá jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì, ẹ sún un síwájú tàbí sẹ́yìn ìsinmi.

Fọ́málìn tí a ń fi omi ẹ̀rọ pò láti inú gálọ́ọ̀nù dúdú náà ń dá wa láàmú. Ìwọ̀n 1 sí 9 tọ̀nà, ṣùgbọ́n láìsí iyọ̀ phosphate ó máa kan, kíkan rẹ̀ ló sì ń pa DNA. Bákan náà ni egungun: bí wọ́n bá fi ásíìdì rọ̀ ọ́ ní láàbù, ẹ má retí nǹkan kan nínú rẹ̀. EDTA ni kí wọ́n fi rọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ ń pẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, èyí ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí: kí ẹran tó kúrò ní Ìlọrin, kí dókítà pátọ́lọ́jì gé pẹlẹbẹ kan lára èyí tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ gan-an, kó kùn ún, kó wò ó lábẹ́ awò. NHS ń fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó 30% ó kéré tán, kí ibi tó ti kú má tó 20%. Kó kọ iye tó rí sílẹ̀. Bí kò bá tó, ẹ mú òmíràn. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i níbí sàn ju ọjọ́ tí láàbù òkèèrè bá rí i.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ̀jẹ̀

Láìsí wàláà Alfa, ẹ ò lè mọ èyí tó jẹ́ àṣìkọ kókó àti èyí tí wọ́n bí i mọ́. Mílílítà 4 tàbí 5 nínú ìgò EDTA. Ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀ kí ẹ gbé e sókè ní ìgbà 8 sí 10, jẹ́jẹ́. Ẹ má mì í bí ẹni mi àgbo. Ẹ má lo ìgò onídèérí aláwọ̀ ewé tó ní heparin, ó ń dí iṣẹ́ DNA lọ́wọ́. Fíríìjì ni kó wà, kó má dì.

Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ti di kókó fúnra rẹ̀, kò lè ṣe wàláà Alfa mọ́. Awọ ara ni kí ẹ mú. Itọ́ kò tó, torí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ló wà lára rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù gàdàgbà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé ìgò sí ìmọ́lẹ̀, ẹ yí i. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tó dì, ẹ gba òmíràn kí aláìsàn tó lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Orúkọ àti fọ́ọ̀mù

Ní Ìlọrin, orúkọ kan lè ní ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n ń gbà kọ ọ́. Abdulraheem lórí káàdì, Abdulrahim lórí ike, AbdulRaheem lórí ẹ̀jẹ̀: láàbù òkèèrè máa rí ènìyàn mẹ́ta. Ẹ mú èyí tó wà lórí ìwé ìrìnnà tàbí NIN, ẹ lò ó níbi gbogbo. Ìyá tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ béèrè èyí tó wà lórí NIN, kí ẹ má tún sọ ọ́ di January 1 níbì kan, kó jẹ́ òmíràn níbòmíràn. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ ti kọ orúkọ sára ìgò, ẹ má gbé ìgò mẹ́rin lọ sórí tábìlì kí ẹ tó máa kọ ọ́.

Lórí fọ́ọ̀mù, ẹ kọ irú jẹjẹrẹ bí pátọ́lọ́jì ṣe pè é, ibi tí ẹ ti mú ẹran, ọjọ́ àti aago, kìmó (oògùn jẹjẹrẹ) tàbí iná (ìtànṣán) tó ti gbà, nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù, àti ìye sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn Ìgbésẹ̀ 1 náà síbẹ̀. Ìtàn ẹbí tí ẹ máa kọ kó dé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá àgbà, lápá ìyá àti lápá bàbá. Ẹ má béèrè pé "ta ló ní jẹjẹrẹ?" torí wọ́n máa ní kò sí. Ẹ béèrè ta ló kú ní kékeré, ta ni egbò yọ lọ́yàn rẹ̀, ta ni ikùn rẹ̀ wú tí kò sì lóyún.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìfiránṣẹ́

Ike mẹ́ta nínú ara wọn: èyí tó gba ẹran, èyí tí omi kò lè jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú òwú tó lè fa omi, àti páálí líle lóde tí wọ́n kọ UN3373, nọ́ńbà ẹran àyẹ̀wò, sí. Ẹran dídì ń lọ nínú dry ice, yìnyín tí kì í domi. UN1845 ni nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ má fi dry ice sínú nǹkan tó dé pinpin: èéfín rẹ̀ á kún inú rẹ̀, á sì bú gbàmù. Búlọ́ọ̀kù kò nílò yìnyín, ẹ kàn pa á mọ́ lọ́wọ́ oòrùn mọ́tò, torí ìda máa ń yọ́.

Ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kó má baà sùn ní pápákọ̀ òfurufú ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi gbogbo ẹran ránṣẹ́. Díẹ̀ gbọ́dọ̀ kù nílẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ya fọ́tò ike, orúkọ ara rẹ̀ àti páálí kí ẹ tó dì í. Láàbù gbọ́dọ̀ fèsì pé ó ti dé, àti bí ó ṣe dé. Bí ọjọ́ 2 bá kọjá tí wọn ò fèsì, ẹ pè wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí èsì bá dé

Ẹ má sáré lọ sí ojú-ewé tí wọ́n to oògùn sí. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé tó sọ bí ẹran ṣe rí: ìye sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n bá, iye ìgbà tí wọ́n ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń ka ẹ̀jẹ̀ bíi ìgbà 30, wọ́n sì ń ka kókó ní ìgbà 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan nínú ẹran tí kò dára, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé nǹkan kan kò sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí gbólóhùn yín. Ohun tí ẹ ń wá, ṣé ó wà níbẹ̀?

Èyí tí wọ́n bá pè ní "ìtumọ̀ rẹ̀ kò tíì dájú," ẹ fi sílẹ̀. Ó máa ń pọ̀ nínú èsì àwa aláwọ̀ dúdú, torí jínómù tiwa kò pọ̀ nínú ibi tí wọ́n ń fi wé. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má gé ọmú tàbí ilé ẹyin obìnrin nítorí rẹ̀. Bí àṣìkọ àjogúnbá gidi bá hàn, ẹ tún gba ẹ̀jẹ̀ tuntun kí ẹ fi jẹ́rìí sí i, kí ẹ tó pe àwọn ọmọ àti àbúrò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ẹ̀tọ́ láti gbà tàbí láti kọ̀.

Ẹ gbé èsì náà lọ síwájú ìpàdé àwọn dókítà jẹjẹrẹ: oníṣẹ́ abẹ, oníkìmó, pátọ́lọ́jì, ẹni tó mọ jíìnì, kódà bó jẹ́ lórí fóònù. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: aláìsàn ní ẹ̀dà èsì lọ́wọ́, ó mọ ọjọ́ tó máa padà wá, nọ́ńbà fóònù méjì sì wà nínú fáìlì, tirẹ̀ àti ti ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn pé kí ẹ pè bí òun kò bá gbé e.